Ìkòkò Tó Ń Sáré

"Ta ló tún sọ pé omi wa ń rìn bí ìgbín?"

Màmá ló bi ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé, tó sọ báàgì rẹ̀ sílẹ̀ gbì, tó sì fajú ro. Inú àgbàlá la wà. Màmá ń po amọ̀, amọ̀ ti bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, èmi sì ń jọ ẹbu pákó, lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń yọ lára igi. Títí di òní, mo ṣì ń gbóòórùn àgbàlá yẹn: amọ̀ tútù, pákó tuntun àti èéfín iléru. Bí mo bá kọjá níwájú ilé ìlagi kankan, ńṣe ni àárò ilé máa ń sọ mí.

"Gbogbo kíláàsì wa ni," ẹ̀gbọ́n mi fèsì. "Wọ́n ní kí èèyàn tó rí ife omi kan mu nínú ìkòkò ìyá mi, òùngbẹ á ti pa á, wọ́n á sì ti sin ín tán."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Sọ fún wọn pé kí wọ́n máa tètè bu omi sí i kí òùngbẹ tó dé."

Nọ́ọ̀sì ni Màmá tẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ tó fi ń tọ́jú àwọn ọmọdé tí ìgbẹ́ gbuuru ń dà láàmú. Wọ́n á lo oògùn, ara wọn á yá, wọ́n á padà lọ mu omi odò kan náà, wọ́n á sì tún gbé wọn dé. Nígbà tó sú u, ó fi ilé ìwòsàn sílẹ̀, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò tó ń sẹ́ omi. Àwọn onílé ìlagi máa ń da ẹbu pákó sódò, odò náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Màmá ní kí wọ́n máa kó o fún òun. Ó ń pò ó mọ́ amọ̀, ó ń fi mọ ìkòkò. Bí ìkòkò bá wọ iléru, pákó á jóná, ihò wínníwínní tí ojú ò lè rí á ṣẹ́kù. Omi á rọra gba ibẹ̀ kọjá, ìdọ̀tí àti kòkòrò àìsàn á dúró sẹ́yìn. Ó ń tà á ní ẹ̀dínwó kí mẹ̀kúnnù lè rí i rà, àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ti kú ló sì gbà síṣẹ́. Nọ́ọ̀sì Alámọ̀ ni wọ́n ń pè é ládùúgbò.

Òfin kan wà lágbàlá wa. Ìkòkò kankan ò gbọ́dọ̀ jáde àfi tí a bá ti rọ omi kún un, tí a sì jókòó tì í. Èyí tí omi rẹ̀ bá ń yára jò ti sán níbi tí ojú ò tó, kòkòrò á sì bá omi kọjá. A óò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Màmá tàbí òṣìṣẹ́ kan á sì fi òòlù fọ́ ọ kílẹ̀ tó ṣú. Ó máa ń dùn wá gan-an. Mo rántí òṣìṣẹ́ kan tó máa ń dágbére fún ìkòkò rẹ̀ bí ẹni tó ń sin ọkọ lọ sí ìrìn àjò.

Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ní nígbà náà jẹ́ ọmọ ìyá aránṣọ kan. Ó wá sílé wa ní Sátidé kan tí Màmá lọ kó ẹbu pákó. Èmi náà ò sí nílé. Ẹ̀gbọ́n mi ló padà sọ fún mi.

"Màmá mi ní ìkòkò yín ti sú àwọn," ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Oníbàárà á dé, wọn ò ní rí omi fún un mu. Jọ̀ọ́, bá mi wá èyí tó ń sáré díẹ̀."

"A kì í ta èyí tó ń sáré."

"Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yìí ńkọ́? Ṣebí ẹ fẹ́ fọ́ wọn ni. Bí Màmá mi bá yin ìkòkò yín, àwọn tó ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ á panu mọ́."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló mú ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbé ọ̀kan fún un. Nígbà tí Màmá dé, ó rò pé àwọn òṣìṣẹ́ ti fọ́ ọ.

Ìyá aránṣọ yin ìkòkò náà fún gbogbo ẹni tó wá dáṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi wá ń gbé èjìká sókè ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọjọ́ kan dé tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò wá sílé ẹ̀kọ́. Àbúrò ọ̀rẹ́ náà, ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ti ń yàgbẹ́, ó ń bì, ojú rẹ̀ ti wọnú. Wọ́n ti dá a dúró nílé ìwòsàn, wọ́n ń fa omi sí i lára.

Kílẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, àwọn ará àdúgbò ti ń gbé ìkòkò wọn padà wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Ìyá aránṣọ náà dé, gèlè ò sí lórí rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹ ní omi yín ò ní pa wá lára!"

Màmá jókòó síwájú iléru, gbogbo ara rẹ̀ wálẹ̀. "Àbí ọwọ́ mi ni ò dáa mọ́? Bó bá jẹ́ pé ohun tí mo ń sá fún ni mo wá gbé wọlé ọlọ́mọ, mo máa paná yìí lónìí."

Ó dìde, ó sì ń wá garawa omi. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé bí òun àti ọ̀rẹ́ òun bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ má paná. Ọwọ́ yín kọ́. Èmi ni mo gbé ìkòkò ẹ̀gbẹ́ ògiri fún wọn. Mo mọ̀ pé kò dáa."

Màmá yíjú padà sí i.

"Ìwọ tí mo ń pè lọ́mọ!" Ìyá aránṣọ bú sẹ́kún, ó yí padà, ó lọ.

Ọpẹ́ ni pé ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí táàmù fi parí, àwọn ọmọ kíláàsì sì fún un lórúkọ tí mi ò ní tún pè níbí. Màmá ò nà án. Ó kàn gbé òòlù lé e lọ́wọ́. "Láti òní lọ, ìwọ ni wàá máa fọ́ wọn." Ó ń fọ́ wọn, ó sì ń sunkún.

Ọjà kú. Ìkòkò tó dáa tò jọ, kò sẹ́ni tó béèrè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá aránṣọ yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó fa ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ ti yá lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ kan sáré gbé ìkòkò wá fún un. Ó mi orí.

"Ẹ pe ọmọ yẹn fún mi. Ẹni tó dójú ti ara rẹ̀ níwájú gbogbo wa kò ní tún tàn mí jẹ. Èyí tó bá ní ó dáa ni mo máa gbé."

Ẹ̀gbọ́n mi rọ omi sí ìkòkò kan, òun àti ìyá aránṣọ sì jókòó tì í, wọ́n ń wo omi tó ń kán tó, tó, tó. Lọ́jọ́ kejì, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá.

Màmá ò sí mọ́. Inú mi á dùn bí mo bá lè gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lágbàlá yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń darí iṣẹ́ náà báyìí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe torí yẹ̀yẹ́ ẹgbẹ́ ṣe ohun tí ẹ mọ̀ pé kò dáa, torí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ló lè jìyà rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ jẹ́wọ́ kí ẹlòmíì tó ru ẹ̀bi yín. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ni kò jẹ́ kí iná Màmá kú.