Etí Òsì Adésọjí

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó gba Siluko Road lọ lọ́sàn-án gangan, kó bèèrè ṣọ́ọ̀bù Adésọjí mẹkáníìkì. Ohun tójú rẹ̀ bá rí níbẹ̀, kó má fi bú mi o.

Ọdún kẹfà rèé tí etí òsì Adésọjí ti kú. Látìgbà náà, kò mọ ibi tí nǹkan ti ń dún mọ́. Bí mọ́tò bá fun fèrè lápá òsì, ọ̀tún ni yóò máa wò. Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín, inú á sì bí i burúkú. Nítorí náà ni Ọláfúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń fọwọ́ kàn án léjìká kó tó sọ̀rọ̀.

"Bí ọwọ́ mi ò bá kàn yín, èmi kọ́ ni mo pè yín o. Ẹ má dáhùn."

Àbí ta ni kò mọ̀ pé a kì í dáhùn ìpè tí a ò rí ẹni tó pè?

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Adésọjí tẹrí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò eléérú kan. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo títì dákẹ́. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń kọjá, kò dún.

"Bàbá Dámilọ́lá."

Ohùn Ọláfúnkẹ́ ni. Adésọjí yíjú sọ́tùn-ún, ohùn náà bọ́ sí etí òsì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: etí tó ti kú. Ó yíjú sósì, ó bọ́ sí tọ̀tún. Ó kọjú sí ẹ́ńjìnnì, ó dọ́gba létí méjèèjì. Iwájú rẹ̀ gan-an ni.

"Ẹ dá mi lóhùn."

Inú rẹ̀ dùn. Ọdún mẹ́fà! Ó rò pé ìpè tóun mọ ibi tó ti wá kì í ṣe ìpè àìrí. Òmùgọ̀ ọkùnrin!

"Ooo! Mo wà níbí."

Ọwọ́ kan bà á léjìká lẹ́yìn. Ọláfúnkẹ́ ni. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, ohùn ò jáde. Ó di ọ̀fun ara rẹ̀ mú. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rín rẹ̀ ti ń dún.

Ọláfúnkẹ́ kò tíì sọ̀rọ̀ títí dòní. Ẹnikẹ́ni ò wá gba mọ́tò náà. Adésọjí ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí nǹkan kan. Ojoojúmọ́ ni ohùn náà ń pè é, Adésọjí kò sì dáhùn mọ́.

Lánàá, kò pè é. Ọmọ wọn kan ṣoṣo ló pè, bó ṣe ń ti ilé ìwé bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Dámilọ́lá."

Ó ti pẹ́ tọ́mọ náà ti ń retí ohùn yẹn. Kí ìyá rẹ̀ tó sáré fọwọ́ bò ó lẹ́nu, ó ti fayọ̀ ké e:

"Yẹ́ẹ̀sì, Mọ́mì!"