Ọwọ́ Pupa Lórí Sàréè Bàbá

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, Morìnsọ́lá gbọ́dọ̀ mọ ohun tó hù lórí sàréè bàbá ọkọ rẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹrù rẹ̀ ni yóò dì.

Òórùn ló kọ́kọ́ jí ilé, bí ẹran tí wọ́n gbàgbé sínú ìkòkò. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn iwájú, wọ́n rí ọwọ́ pupa kan tó yọ láti inú iyẹ̀pẹ̀ sàréè. Àwọn ìka rẹ̀ gùn, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, nǹkan dúdú kan ń yọ̀ lára wọn, eṣinṣin sì bò wọ́n. Gbogbo ìka náà dà sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Yàrá Morìnsọ́lá ni wọ́n nà sí.

"Yéè! Bàbá ń nàka!" Florence ló ké bẹ́ẹ̀, àgbà àwọn ọmọ-osú ilé náà ní Ìpòtì, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Bàbá ń nàka sí ẹni tó pa á!"

Bàbá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí ikọ́ ti ń bá jà láti ìgbà òjò tó kọjá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá òkú jiyàn? Ògúnlàdé, àbúrò olóògbé, tó ti di olórí ẹbí, fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ní àwọn yóò jókòó nírọ̀lẹ́. Ẹni tí òkú bá nàka sí kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú nínú ilé náà.

"Ìyàwó wa, ọmọ Ìkirun, níwà o," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ṣùgbọ́n òkú ulé wa kì í purọ́."

Ọkọ Morìnsọ́lá ti wa lọ́rì kòkó lọ sí Èkó. Kò sí ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún Florence. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, nítorí náà Ìbàdíàrán ló ń pè é.

"Ìbàdíàrán, Bàbá tó fẹ́ràn ọbẹ̀ mi tó bẹ́ẹ̀?"

"Bóyá ọbẹ̀ náà ló ń nàka sí."

Nígbà tí gbogbo wọn sá wọlé nítorí òórùn, Morìnsọ́lá nìkan ló kù níta. Láti kékeré ló ti ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ ṣa olú. Ó di imú, ó fi ọ̀bẹ gé etí ọwọ́ náà. Kò sí eegun, kò sí ẹ̀jẹ̀. Inú rẹ̀ ní ihò ihò bíi kànhìnkànhìn tó ti gbó, awọ funfun kan sì wà nídìí rẹ̀ bí èèpo ẹyin.

"Olú ni ọ́," ó bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣùgbọ́n ìwọ kì í ṣe ọmọ ibí. Ta ló mú ọ wá?"

Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, síbẹ̀ ìka kan mì. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní eṣinṣin ni. Ó tún un sọ fún ara rẹ̀ pé eṣinṣin ni.

Ó wá wo iyẹ̀pẹ̀ náà dáadáa. Ó dúdú, ó rọ̀, kò jọ ilẹ̀ pupa Ìpòtì rárá. Ewé gbígbẹ wà nínú rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Kò sí igi bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Matthew, àbíkẹ́yìn Bàbá, ló kó iyẹ̀pẹ̀ yìí wá lọ́jọ́ ìsìnkú láti fi gbin òdòdó sórí sàréè, ó sì fi yangàn fún gbogbo ẹbí. Ẹ̀fọ̀n ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ìjọba ti ń tọ́jú irúgbìn igi.

Ó bá a lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń nu alùpùpù rẹ̀.

"Akọ̀wé, ẹ gbé mi dé Ẹ̀fọ̀n."

"Lónìí? Epo ti tán."

Ó na ewé abẹ́rẹ́ náà sí i. "Kò burú. Màá bi olórí ẹbí nírọ̀lẹ́ bóyá wọ́n mọ oko ìjọba tí iyẹ̀pẹ̀ tó ní irú ewé yìí ti ń sọnù."

Alùpùpù ti ń dún kó tó parí ọ̀rọ̀.

Lábẹ́ àwọn igi páìnì eléwé abẹ́rẹ́ ní Ẹ̀fọ̀n, atẹ́gùn ń dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíì lẹ́yìn. Ọwọ́ pupa wà nílẹ̀ níbi gbogbo. Ìgbà náà ni obìnrin kan tó ń bu omi rin irúgbìn kọjá, tó fi ẹsẹ̀ gbá ọwọ́ kan dànù bí ẹni gbá èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní. Martha ni wọ́n ń pè é. "Ṣé nǹkan yìí lẹ ń wò? Lọ́rì tó kó iyẹ̀pẹ̀ wá láti Jọ́ọ̀sì ló gbé e dé. Páìnì kì í ṣe dáadáa láìsí iyẹ̀pẹ̀ ilé rẹ̀. Àwọn ará Jọ́ọ̀sì náà ní inú ìkòkò irúgbìn tó ti òkè òkun wá làwọn ti rí i. Kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, àfi imú."

"Ṣé ó máa ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan? Ṣé ó máa ń nàka?"

Martha rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Ṣe ló máa ń tẹ́ bí ìràwọ̀. Èmi ò rí èyí tó nàka rí."

Morìnsọ́lá gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì. Martha hú ẹyin funfun kan, ọmọ nǹkan náà, tó ti ń sán nílẹ̀, ó fi ewé kókò wé e. "Èyí á pa kílẹ̀ tó ṣú."

Nírọ̀lẹ́, ẹbí jókòó yíká. Morìnsọ́lá gbé ẹyin náà sínú àwo, ó gbé e sáàárín wọn.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ wo èyí kí ẹ tó dájọ́."

"Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ lo fẹ́ fi bẹ̀ wá?" Florence bi í.

Ẹyin náà mì. Awọ rẹ̀ ya, ṣóńṣó pupa kan yọ, òórùn náà sì dé. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gùn, ló ń tẹ̀, títí ó fi kọjú sí Ògúnlàdé. Ògúnlàdé wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ògiri nìkan ló wà níbẹ̀. Ó sún àpótí rẹ̀ sí ọ̀tún.

"Matthew, yí àwo yẹn."

Matthew yí i. Ó wá kọjú sí Florence.

"Ẹ gbé e kúrò lọ́dọ̀ mi!"

"Àṣé ìwọ lo pa ẹ̀gbọ́n mi?" Ògúnlàdé bi í.

Kí Florence tó dáhùn, ṣóńṣó náà là. Àwọn ìka tẹ́ sí gbogbo ẹ̀gbẹ́, kò sí ẹni tí wọn kò nà sí. Ògúnlàdé fi etí agbádá di imú.

"Ó dáa. Gbogbo wa la pa á. Ṣé kí gbogbo wa máa dẹrù ni?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó sì ràn wọ́n. Ògúnlàdé bi Morìnsọ́lá níbi tó ti rí i.

"Ẹ̀fọ̀n ni, Bàbá. Inú iyẹ̀pẹ̀ ló ń gbé."

Gbogbo orí yí sí Matthew. Matthew ń wo bàtà rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Wọ́n ní kó kó iyẹ̀pẹ̀ náà kúrò, kó sì ra sìmẹ́ńtì.

Morìnsọ́lá ṣì wà nílé ọkọ rẹ̀ ní Ìpòtì. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì bo sàréè Bàbá. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ kan máa ń gba ibi tó sán yọ, yàrá kan náà ló sì máa ń nà sí. Ẹnikẹ́ni kì í pe ìpàdé mọ́. Morìnsọ́lá ti kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ewúrẹ́ Florence ló ń sùn nínú ti iwájú.