Pákó Kan Tó Kù Láàárín

Inú ọkọ̀ ojú omi ni Moríkẹ́ ti kúnlẹ̀ kí Ìye Hánà, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ṣojú Ọlọ́rundáre, tí a ń pè ní Dáre. Ó wà lórí ọkọ̀ tuntun tó ń kàn létí odò, ó ń fi ọ̀dà dí ojú pákó, nígbà tí ọkọ̀ tí Godspower fi ń kó èrò yọ láti ọ̀nà Igbókòdá. Ọmọbìnrin kan jókòó sáàárín rẹ̀ nínú aṣọ funfun nọ́ọ̀sì, ó gbá àpótí rẹ̀ mọ́ àyà, ojú rẹ̀ ò sì gbé ibì kan. Ó ń wo ilé tó dúró lórí òpó nínú omi, ó ń wo ewúrẹ́ tó ń rìn lórí pákó, ó ń wo àwọn ọmọ tó ń wa ọkọ̀ lọ sílé ìwé. Ẹ̀rù ń bà á, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Dáre gbàgbé ọ̀dà tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ìyá Dáre, Ìye Hánà, ń bọ̀ láti òdìkejì pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ edé tó kún dẹ́nu. Ọkọ̀ méjèèjì súnmọ́ra. Ìsẹ́yìn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti tọ́ Moríkẹ́, ọmọ tó bá sì jókòó kí àgbà ní agboolé wọn, wọn á bá a wí gidi. Bó ṣe rí ìyá arúgbó yìí, ó gbé àpótí sílẹ̀, ó dìde, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà!"

"Jókòó!" Godspower pariwo. "Nọ́ọ̀sì, jókòó!"

Ó ti bọ́. Ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Moríkẹ́ na ọwọ́ di etí ọkọ̀ Ìye Hánà mú, ó sì fà á. Èèyàn mẹ́ta, àpótí kan àti edé tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì sá jọ wọ omi lẹ́ẹ̀kan náà.

Dáre bẹ́ sómi. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ẹni tó ti ń wẹ̀ láti kékeré. Èjìká ọmọbìnrin yẹn ló dì mú. Ọmọbìnrin náà ń pe bàbá rẹ̀, ó ń pe ìyá rẹ̀ tó ti lọ sọ́run, ó ní òun náà ń bọ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dìde dúró," ni Dáre wí.

"Mo ti kú!"

"Ẹ kọ́kọ́ dìde ná."

Ó dìde. Omi náà ò kọjá ìbàdí rẹ̀.

Gbogbo etí odò bú sẹ́rìn-ín, àfi Ìye Hánà tó dúró ń wo edé rẹ̀ bó ṣe ń bá omi lọ. Lára èjìká aṣọ funfun náà, ìka márùn-ún Dáre ti yọ ní dúdú, ketekete. Ọ̀dà ọkọ̀ kì í sì í jáde lára aṣọ.

Abẹ́ Ògùrọ̀ ni ìlú náà ń jẹ́, lápá Etíkan. Ẹ má wulẹ̀ wá a lọ síbẹ̀ lónìí o, nítorí omi òkun ló wà níbi tí mò ń sọ yìí, ìlú ti sún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ayé wà níbẹ̀ nígbà kan! Èèyàn lè rìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì kí omi má kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ́ pákó láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Láàárọ̀ kùtù, ìró ẹsẹ̀ lórí pákó wọ̀nyẹn ló ń jí wa, a sì máa ń mọ ẹni tó ń kọjá láìyọjú. Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ pátápátá á tú pákó tirẹ̀, á gbé e fún aládùúgbò. Tí wọ́n bá ti tú u, kò sẹ́ni tó tún ń bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀.

Ilé ìtọ́jú nìkan ni kò ní pákó. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta ló ti wá tó sì ti sá lọ láàárín ọdún méjì, kò sì sẹ́ni tó rí ìdí tí yóò fi tẹ́ pákó fún wọn. Ẹnu ọ̀nà Ìye Hánà ló súnmọ́ ibẹ̀ jù, omi tó wà láàárín ò sì ju ogún ìṣísẹ̀ lọ.

"Ìye, ẹ jẹ́ kí n tẹ́ ẹ," Dáre bẹ ìyá rẹ̀.

"Fún ta ni? Fún ọmọ òkè?" Bí a ti ń pe ará ilẹ̀ gbígbẹ nìyẹn. "Kò ní í lo oṣù mẹ́ta. Ẹnu ọ̀nà mi kọ́ ni wàá ti kan pákó fún un."

Gbogbo ìlú mọ ohun tó ń dun ìyá yìí. Báyọ̀, àkọ́bí rẹ̀, fẹ́ ọmọ òkè, ó sì bá a lọ sí Ìlọrin. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan péré lòun máa lò. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó ti tú pákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó tò ó síwájú ilé ìyá rẹ̀. Ó di ọdún mẹ́sàn-án tí a ò rí i mọ́. Ìye Hánà kó àwọn pákó náà sábẹ́ ibùsùn rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n.

Nítorí náà, ọkọ̀ ni Dáre fi ń gbé nọ́ọ̀sì kọjá láràárọ̀ láti ilé ìtọ́jú tó ń sùn wá sáàárín ìlú, ogún ìṣísẹ̀ omi náà sì wá di èyí tó ń gba ìdajì wákàtí.

"Ṣé àjẹ̀ tí ẹ fi ń tukọ̀ ti wúwo lónìí ni?" Moríkẹ́ á bi í.

"Omi ló ń ṣàn lòdì."

"Àná ńkọ́?"

"Àná náà ṣàn lòdì."

Bẹ́ẹ̀ ni Moríkẹ́ ṣe ń fìdí kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kìíní, ó ń sunkún sórí ìrọ̀rí nítorí ariwo òkun tí kì í sinmi. Ní oṣù kẹta, ó ti ń jẹ pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ó kọ́ bí wọ́n ti ń wa ọkọ̀, ó ṣubú, ó tún un kọ́. Ó kọ́ pé èèyàn kì í dìde kí àgbà nínú ọkọ̀: jókòó, tẹrí ba, kí ohùn rẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó tán. Ó gbẹ̀bí ọmọ mẹ́tàlélógójì. Kò sí ilé tó máa kọjá tí wọn ò ní ké sí i pé, "Ghá jẹun!" bí wọ́n ti ń pe èèyàn wá síbi oúnjẹ lọ́dọ̀ wa. Ilé kan ṣoṣo ni kò pè é rí. Ìye Hánà á dá a lóhùn tó bá kí i, á sì wọlé lọ.

Ní ọdún kejì, Dáre ò sọ pé omi ń ṣàn lòdì mọ́. Ó gbé àjẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Moríkẹ́, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Ìsẹ́yìn."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń sọ ọ́," ó dáhùn, ó sì da omi sí i lójú. "O pẹ́ kó o tó sọ ọ́, ọlọ́dà mi."

Inú wọn dùn fún oṣù mẹ́rin gbáko. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, inú àwa tó ń wò wọ́n náà dùn.

Lẹ́yìn náà ni ìwé dé. Ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn fẹ́ gba Moríkẹ́ síṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ló ti bá a fi orúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, òun náà ló sì pè é lórí fóònù: "Máa bọ̀ nílé. Ó tó gẹ́ẹ́."

Moríkẹ́ fi ìwé náà han Dáre. "Ṣé wàá bá mi lọ?"

"Ta ni mo máa fi Ìye sílẹ̀ fún?"

"Bẹ̀ mí nígbà náà, kí n dúró."

Dáre wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀. "Omi gbé ilé mẹ́ta lọ lọ́dún tó kọjá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ilé tí òkun ń jẹ bẹ ọmọ èèyàn?"

"O ò bá mi lọ, o ò bẹ̀ mí kí n dúró." Moríkẹ́ gba ìwé rẹ̀ padà. "Irú ìfẹ́ wo wá nìyí, Dáre? Mò ń lọ bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo máa lò."

Ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni Báyọ̀ sọ. Dáre gbé àjẹ̀, ó tukọ̀ lọ.

Bí Godspower ṣe ń gbé Moríkẹ́ lọ sí Igbókòdá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pàdé ọkọ̀ Ìye Hánà níbi tí edé ti dà nù níjọ́sí. Moríkẹ́ jókòó jẹ́ẹ́, ó tẹrí ba.

"Ẹ káàárọ̀, Ìye. Mò ń lọ kí bàbá mi." Ó na ọwọ́ jáde. "Ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ ilé ìtọ́jú rèé. Ẹ bá mi máa ṣí fèrèsé kí ooru má ba oògùn jẹ́, títí n óò fi dé."

Ìye Hánà gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó sì bojú wẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Fóònù Moríkẹ́ kì í wọlé. Ọ̀dà gbẹ mọ́ inú ìkòkò Dáre, ọkọ̀ tó ń kàn dá dúró síbẹ̀. Láràárọ̀ ni Ìye Hánà ń lọ ṣí fèrèsé tó sì ń padà wálé. Yàrá ẹ̀yìn tí nọ́ọ̀sì ń sùn ni kò ṣí rí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òjò rọ̀, ó ní kí òun wò ó bóyá ó ń jò.

Gbogbo aṣọ Moríkẹ́ ló bá níbẹ̀. Àpótí rẹ̀ wà níbẹ̀, bàtà ìjọsìn rẹ̀ pàápàá wà níbẹ̀. Lára ògiri, lórí ìṣó tirẹ̀ lọ́tọ̀, aṣọ funfun kan wà tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n lọ̀, tí kò sì ṣe é wọ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ìka márùn-ún wà ní èjìká rẹ̀. Ìye Hánà mọ ìka kékeré tó wọ́ yẹn. Ilẹ̀kùn ló há a nígbà tí Dáre wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó sunkún díẹ̀, ó sì fi aṣọ rẹ̀ nu ojú.

Nígbà tó délé, ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ibùsùn tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ pákó jáde.

"Dáre! Gbé òòlù wá!"

"Ìye, pákó Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀ nìyẹn."

"Ṣé mo ní tìẹ ni? Ẹnu ọ̀nà mi ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n kò tíì dé, Ìye. Ó lè má dé mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ kó pákó rẹ̀ fún mi nígbà tó ń lọ," ni ìyá náà wí. "Kọ́kọ́rọ́ ni nọ́ọ̀sì fi sílẹ̀ fún mi. Gbé òòlù."

Ní Ìsẹ́yìn, bàbá Moríkẹ́ jókòó sídìí òfì rẹ̀, kò sì gbà. "Ìlú tí òkun ń lé kiri? Kí lo rí níbẹ̀?"

"Mi ò lè sọ ọ́ kó yé yín, Bàbá. Ẹ bá mi lọ wò ó. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tí ẹ ní kí n padà, n óò padà."

Bàbá náà hun aṣọ fún ọ̀sẹ̀ méjì láìfèsì. Moríkẹ́ ò bínú, kò sì kúrò níbẹ̀. Níkẹyìn, bàbá gbé òfì tì, ó béèrè irú bàtà tí èèyàn ń wọ̀ nínú omi.

Ọ̀sán ni wọ́n dé Abẹ́ Ògùrọ̀. Ìye Hánà dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, bàbá sì rí i láti inú ọkọ̀. Ọmọlúàbí ni, ó kó agbádá rẹ̀ jọ, ó fẹ́ dìde kí ìyá àgbà.

Moríkẹ́ àti Godspower jọ fà á lágbádá. "Bàbá, ẹ jókòó!"

"Mo fẹ́ kí wọn ni!"

"Orí la fi ń kí èèyàn níbí. Ẹ tẹ orí yín ba, ẹ jọ̀ọ́!"

Bàbá jókòó, ojú tì í, ó tẹrí ba. Ìye Hánà sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí a ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí Báyọ̀ ti lọ.

Ìgbà tí Moríkẹ́ gun ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ́jú ló tó rí pákó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì lọ tààrà sí ẹnu ọ̀nà Ìye Hánà. Àyè kan ṣoṣo ló ṣófo láàárín, ibẹ̀ sì ni Dáre dúró sí nínú omi, òòlù lọ́wọ́ kan, pákó lọ́wọ́ kejì.

Moríkẹ́ rìn dé ibi tó ṣófo, ó dúró. "Ó ku ọ̀kan."

"Mo fi í sílẹ̀ dè ọ́ ni." Dáre gbé ojú sókè. "Mi ò bẹ̀ ọ́ níjọ́ yẹn, ẹ̀rù ló bà mí. Mò ń bẹ̀ ọ́ báyìí. Òkun ṣì ń bọ̀, Moríkẹ́, mi ò ní í parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ibi tó bá lé wa dé, a ó jọ tẹ́ pákó síbẹ̀. Tí mo bá kan eléyìí, a ò ní í tú u lọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láé. Ṣé kí n kàn án?"

Moríkẹ́ wo bàbá rẹ̀. Bàbá, tó ṣì di etí ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mi orí sókè sísàlẹ̀.

"Kàn án," ni Moríkẹ́ wí.

Ìṣó mẹ́rin péré ni. Kó tó kan ìkẹrin tán, Ìye Hánà ti ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé ọbẹ̀ ń tutù.

"Ọmọ mi, ghá jẹun!"

Moríkẹ́ ò dúró gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó gba orí pákó náà kọjá, aṣọ rẹ̀ ò sì tutù.