Ìyá Àgbà Tó Kú Lẹ́ẹ̀mẹrin

Ológe ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì ń pè é, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn nínú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé bàtà pupa lé orí káńtà ìyá oníbàtà, ó dorí kodò bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ó ní ayẹyẹ tí òun tìtorí rẹ̀ ra bàtà náà ti dàrú; ìyá àgbà òun ló kú lójijì.

Irọ́ ni. Àná ló lẹ téèpù mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà kó má baà dọ̀tí, tó wọ̀ ọ́ lọ ya fọ́tò. Owó ìdánwò tí bàbá rẹ̀ fún un ló ń fi dá ọgbọ́n yìí: á ra bàtà lónìí, á dá a padà lọ́la, á gba owó, ó di ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Bàtà mẹ́rin láàárín oṣù kan. Nínú fọ́tò, ọmọ olówó ni. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò máa parí. Bí owó yìí kò bá jáde, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ìyá oníbàtà kò jiyàn. Ó fa àga fún un, ó bi í bóyá ìyá àgbà jìyà kó tó lọ. Ológe ní kò jìyà púpọ̀. Obìnrin náà wá yí fóònù rẹ̀ sí i.

"Ìyá àgbà yìí mà gbìyànjú o. Ó ti kú ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Tèmi ló ṣe ẹ̀kẹrin."

Ológe ka ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù tí kì í kí ara wọn, tí wọ́n ń já oníbàárà gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ni wọ́n jọ kóra jọ sínú ẹgbẹ́ kan lórí fóònù yẹn, tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀: ọjọ́ tó wá, àwọ̀ bàtà, ojú téèpù ní ìsàlẹ̀, títí kan bó ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú tí kò tutù. Ìyá oníbàtà ní kì í ṣe ọgbọ́n ọlọ́pàá ló tú àṣírí, àánú ni. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù mẹ́ta yòókù fẹ́ lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀ kú ọ̀fọ̀, wọ́n bi ara wọn ní ọjọ́ ìsìnkú tó sọ fún wọn, ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jáde.

Ẹ̀rù ba Ológe, ṣùgbọ́n ìyanu náà ju ẹ̀rù lọ. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Tirẹ̀ rèé níwájú rẹ̀, ó hàn kedere ju gbogbo fọ́tò rẹ̀ lọ.

Obìnrin náà na fóònù sí i, ó ní kó fi ohùn ara rẹ̀ ṣàlàyé fún gbogbo wọn bí òkú ṣe jí. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ológe wo ilẹ̀kùn, ó wo bàtà, ó gba fóònù.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ìyá àgbà mi wà láàyè. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ẹ dákun, ẹ má bínú."

Oníṣọ́ọ̀bù tí òun àti ìyá oníbàtà kò rẹ́ láti ọdún méje ló kọ́kọ́ fèsì.

"Dá owó ọmọ náà padà, kó lọ ṣèdánwò. Àmọ́ kó wá máa bá wa nu bàtà ní gbogbo ìsinmi. Kò sì gbọ́dọ̀ dá nǹkan kan padà fún ẹnikẹ́ni nínú wa mọ́."

Àwọn yòókù fara mọ́ ọn. Ológe forúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ní ìsinmi, ó nu bàtà ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ òun fúnra rẹ̀.

Ẹni tó ń pa irọ́ kan fún ẹni mẹ́rin, kó má rò pé wọn ò ní bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sọ òótọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò sọ ọ́.