Wòlíì Tó Ṣèlérí Ìbejì fún Màmá Ládi

Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Màmá Ládi lọ́jọ́ tí wòlíì kan pè é lórí fóònù pé yóò bí ìbejì kí ọdún tó yípo. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é pa mọ́ra. Bí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi ṣe parí ní ìjọ wa ní Mowe, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́wọ́ lé ikùn.

"Ẹ bá mi yọ̀ o! Ẹ ti lè máa ra aṣọ ọmọ! Wòlíì tí n kò mọ̀ rí ló dárúkọ mi, ó ní Olúwa ti rí omijé mi nítorí àìrọ́mọbí."

Ọmọ méje ni Màmá Ládi bí, àbíkẹ́yìn wọn gan-an sì ti di bàbá ọmọ. A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá.

Sista Ọmọlabí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ tó ti wà nílé ọkọ, kò sì tíì rí ọmọ gbé pọ̀n.

"Wòlíì yẹn pe èmi náà," ni ó wí. "Ó ní orúnkún tó ń dùn mí máa san. Orúnkún kankan ò dùn mí. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún Màmá Ládi yẹn, tèmi ni." Ó yíjú sí ìyá mi. "Sista Rosemary, ẹ̀yin ni mo fi ìwé ẹ̀bẹ̀ mi lé lọ́wọ́. Ta lẹ sọ ọ́ fún?"

Ẹ̀rín dá lójijì.

Ìyá mi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aládùúrà. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀ á kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, á ká a, á sì jù ú sínú agolo mílíìkì kan. Mọ́mì á gbé agolo náà wálé, a ó to ẹ̀bẹ̀ wọn pọ̀ pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà fóònù, àwọn àgbà márùn-ún á sì máa gbàdúrà lé e lórí títí di ọ̀sẹ̀ kejì. Àdéhùn ibẹ̀ ni pé ohun tó bá ti wọ agolo kò gbọdọ̀ dé etí ẹlòmíràn. Dádì pàápàá kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn Mọ́mì àti àwọn àgbà náà, èmi Mọ́láyọ̀ nìkan ni mo mọ̀, nítorí èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ilé wa. Ìka kan ṣoṣo ni Mọ́mì fi ń tẹ̀wé, bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo jẹ.

Kí a tó mọ̀, ẹni méjì mìíràn ti sọ̀rọ̀. Wòlíì náà ti pe àwọn náà, gbogbo ohun tó sọ ló bá tiwọn mu, wọ́n tilẹ̀ ti fi owó òróró àdúrà tó béèrè ránṣẹ́ sí i. Wọ́n rò pé Ọlọ́run ló rán an.

Pásítọ̀ Ọládayọ̀ gbọnrí. "Sista, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé agolo yẹn sílẹ̀ ná. Lọ́jọ́bọ̀ la máa mọ̀ bóyá ẹ ṣì máa ṣe akọ̀wé wa."

Ọwọ́ méjèèjì ni Mọ́mì fi gbé e fún wọn. Kò sẹ́ni tó kí wa ó dàbọ̀.

Nígbà tí a délé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò tú gèlè. "Mọ́láyọ̀, ṣé o sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Rárá, Mọ́mì. Mo fi Ọlọ́run búra."

Òótọ́ ni mo sọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìbejì yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo ti ṣi ẹ̀bẹ̀ méjì tẹ̀: mo fi ọ̀rọ̀ ọmọ sábẹ́ orúkọ Màmá Ládi, mo fi ọ̀rọ̀ orúnkún sábẹ́ ti Sista Ọmọlabí. Mọ́mì tó dúró lẹ́yìn mi rí i, ó ní, "Arúgbó wo ló fẹ́ bímọ?" Mo sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, kí a tó tẹ ìwé kankan jáde. Àṣìṣe yẹn kò dé orí ìwé rárá. Ẹni tó bá ka ìwé kò lè rí i. Ẹni tó ń wò mí bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìkan ló lè mọ̀.

Mo ti mọ ibi tó ti wá.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, Dámiláre, ọmọ kíláàsì wa, fi líǹkì kan sórí Wásáàpù wa. Ètò ìdánrawò JAMB tí àwọn ènìyàn ń sanwó fún ni, ẹnì kan ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Bí mo ṣe fẹ́ gbé e sórí kọ̀ǹpútà, áńtífáírọ́ọ̀sì, ètò tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà wa, figbe ta, ó gbé àmì pupa sókè pé ewu ń bẹ. Nínú fáìlì náà, wọ́n kọ ọ́ pé kí n kọ́kọ́ pa áńtífáírọ́ọ̀sì náà. Mo bi Dámiláre léèrè. Ó ní, "Ìwọ náà! Gbogbo wa la ti pa tiwa. Ṣé o fẹ́ kí á yege wọ yunifásítì, ká fi ẹ́ sílẹ̀ ni?" Mo pa á. N kò sì tàn án mọ́.

Bí mo bá dákẹ́, ta ló máa mọ̀? Kí n má purọ́, mo rò ó dáadáa. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, mo ń rò ó. Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí Mọ́mì ń gbàdúrà. Kò bẹ Ọlọ́run pé kó gba òun lọ́wọ́ ìtìjú. Ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji ẹni tó tú àṣírí náà. Mo wọ yàrá rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́.

Mo ń retí ìfọ́tí. Mọ́mì tú gèlè rẹ̀. "Dìde," ni ó wí. "Lọ yọ íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò lára ẹ̀rọ yẹn. Lọ́la, a ń lọ sọ́dọ̀ Ṣàràfá."

Ọmọ Ìwó ni Bùrọ̀dá Ṣàràfá, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ibafo. Kò pẹ́ tó fi pariwo. "Hẹ̀n-ẹ́n! Ẹ wá wò ó, Mà! Amí ni wọ́n fi sínú ẹ̀. Gbogbo lẹ́tà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀. Tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé báyìí, ó ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ̀ nìyẹn. Kì í pariwo, kì í ba nǹkan jẹ́, kẹ́ ẹ má bàa mọ̀ pé ó wà ńbẹ̀. Ta ló ṣílẹ̀kùn fún un?"

Mo na ọwọ́ sókè.

"Ẹ ò rí nǹkan! Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀." Ó fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ dúró, sà!" ni mo kígbe. "Tẹ́ ẹ bá pa á rẹ́ báyìí, ta ló máa gbà wá gbọ́? Ẹ jẹ́ ká fún un ní nǹkan jẹ."

Mọ́mì wò mí. Ṣàràfá wò mí. Ẹ̀rín gba ẹnu Ṣàràfá.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ la gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí pálọ̀ Pásítọ̀, àwa, àwọn àgbà àti àwọn tí wòlíì náà ti pè. Ṣàràfá ti kó gbogbo iṣẹ́ wa kúrò nínú kọ̀ǹpútà, kò ku nǹkan gidi kan síbẹ̀ àfi amí. Mo kọ́kọ́ dúró níwájú gbogbo wọn, mo sọ ohun tí mo ṣe. Ojú tì mí débi pé ilẹ̀ ni mò ń wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí mi ká, tí mo sì tẹ ẹ̀bẹ̀ kan: "Hàfísátù, Asese. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni olè ti jí ẹ̀rọ ìránṣọ mi." Kò sí Hàfísátù kankan. Nọ́ńbà kejì Ṣàràfá ni mo fi sí i. Ó so íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, ó gbé fóònù tí nọ́ńbà yẹn wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì.

A dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tó di ogójì ìṣẹ́jú, Sista Ọmọlabí gbé báàgì rẹ̀. "Pásítọ̀, eré ọmọdé lèyí."

Fóònù dún.

Kí Ṣàràfá tó na ọwọ́, Màmá Ládi ti já a gbà, ó sì tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́ ohùn ẹni tó pè. "Àlóò?" ni ó wí, ohùn tín-ín-rín bíi ti wúńdíá.

"Hàfísátù, ọmọ Ọlọ́run," ni ohùn ọkùnrin kan wí. "Olúwa fi ẹ̀rọ ìránṣọ kan hàn mí. Mo rí olè tó wọlé, lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta..."

Pásítọ̀ dìde lórí àga.

"Wòlíì," ni Màmá Ládi dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ sì padà sí ti tẹ́lẹ̀, "Màmá Ládi ni mí o. Ìbejì mi dà?"

Wòlíì pa fóònù pì.

Háà! Ariwo tó sọ! Àwọn kan ń kígbe halelúyà, Ṣàràfá ń kígbe "Alláhù Akbar" láàárín pálọ̀ Pásítọ̀, kò sì sẹ́ni tó bínú sí i. Mo fò sókè títí mo fi ta àpótí kan dànù. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Sista Ọmọlabí ju báàgì sílẹ̀, ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún ìyá mi. Mọ́mì dì í mú kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀. Pásítọ̀ sì bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wa, ó gbé agolo náà padà fún un.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ṣàràfá nu kọ̀ǹpútà wa mọ́ tónítóní. Ó dá áńtífáírọ́ọ̀sì padà, ó ní kí a máa jẹ́ kó gba àtúnṣe tuntun nígbà gbogbo. Orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ló ti ní kí a pààrọ̀ gbogbo páásíwọ̀ọ̀dù wa, nítorí amí yẹn ti mọ èyí tí à ń lò tẹ́lẹ̀. "Ẹni tó bá ní kó o lé ọdẹ lọ kóun tó wọlé," ni ó wí fún mi, "ṣé àlejò nìyẹn?" Pásítọ̀ mú nọ́ńbà wòlíì náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, àmọ́ nọ́ńbà náà kò wọlé mọ́. Nígbà tí mo sọ fún Dámiláre, ó kọ́kọ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó lọ yẹ kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀ wò, ó bá amí yẹn níbẹ̀.

Mo rò pé ó ti parí. Mọ́mì ní kò tíì parí. Ènìyàn mọ́kànlá ni orúkọ wọn wà nínú ìwé ẹ̀bẹ̀, ilé mọ́kànlá ni mo sì lọ kúnlẹ̀ sí. Ọ̀dọ̀ Sista Ọmọlabí ni mo lọ kẹ́yìn. Ó fà mí dìde, ó fún mi lómi mu.

"Mo ti dárí jì ẹ́ tọkàntọkàn," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n Mọ́láyọ̀, ọkùnrin yẹn ṣì mọ̀."



Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín nìyí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ má gba ohun ọ̀fẹ́ tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹ má sì pa ohun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà ilé yín nítorí pé ẹgbẹ́ ń ṣe é. Bí ẹ bá ti ṣe é, ẹ tètè sọ ọ́ fún àgbàlagbà, kó tó di pé aláìṣẹ̀ ru ẹ̀bi yín. Ìrọ̀lẹ́ kan péré ni Ṣàràfá fi nu ẹ̀rọ wa mọ́. Ọ̀rọ̀ tí amí ti kó lọ, kò sí ẹni tó lè bá Sista Ọmọlabí gbà á padà.