Wọ́n Ní Bíńtín Ni Wá

Nígbà náà, Thani ọ̀gá ọkọ̀ òkun ṣì wà láàyè. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin tó ń mòòkùn lọ sísàlẹ̀ òkun wá péálì, ìlẹ̀kẹ̀ inú ìkarahun, ṣì kù bíi mẹ́wàá ní Muharraq, ìlú etí òkun kan ní Bahrain. Wadha, ọmọ kan ṣoṣo tí Thani bí, ló ń ka ìwé ìròyìn fún un, nítorí Thani mọ ìràwọ̀ kà ju ìwé lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan létí òkun, lábẹ́ ìbòòji ọkọ̀ tí wọ́n ń fi òróró ẹja kùn, Wadha gbójú sókè. Ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, tó ń la ẹrẹ̀ bọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Wadha yára fa ìbòrí rẹ̀ bojú, ó ń kàwé lọ bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

"'Erékùṣù bíńtín Bahrain ya ayé lẹ́nu...'"

Thani pòṣé. "Bí a ṣe dáadáa, bíńtín. Bí ọkọ̀ wa rì, bíńtín. Ta ló wọ̀n wá? Omi dídùn ń sun lábẹ́ òkun iyọ̀ wa, ilẹ̀ ńlá wọn wo ló nírú ẹ̀? Ta ló kọ ìranù yìí?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀. "Èmi ni, Bàbá. Ghanim lorúkọ mi. Bí ìròyìn ṣe ti òkè òkun wá ni mo ṣe ń túmọ̀ ẹ̀ fún ìwé ìròyìn yẹn."

"Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ọmọ Hidd ni mí, ní Bahrain níbí."

"Ọmọ ilé! Ìwọ gan-an lò ń pe ìyá ẹ ní aràrá!"

Wadha bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fọ ẹsẹ̀. Ilẹ̀ bíńtín ti fẹ́ gbé e mì."

Ẹ̀rín yẹn ló de Ghanim mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí Ọjọ́bọ̀ tí kò wá, ó ní òun ń wá ìròyìn ọkọ̀. Wadha a gbé kọfí àti dàbínù jáde.

"Akọ̀wé, ọkọ̀ wo lo tún wá wò lónìí?"

"Èyí tí ojú ẹ̀ ń dán lábẹ́ ìbòrí."

"Ó lọ́gàá o. Lọ bá ọ̀gá ẹ̀ sọ̀rọ̀."

Ghanim rán ìyá rẹ̀ wá tọrọ Wadha. Thani ṣe obìnrin náà lálejò dáadáa, ó sì kọ̀ jálẹ̀. "Ọmọ mi ò ní fẹ́ ẹni tó ń fojú àlejò wo ilé ara ẹ̀. Ọjọ́ tí bíńtín bá kúrò nínú ìwé yẹn, kó padà wá."

Ghanim yọ ọ̀rọ̀ náà, olóòtú ìwé ìròyìn dá a padà. "Bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ta ni ìwọ?" Ó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta. Nílé, Wadha ò rẹ́rìn-ín mọ́, oúnjẹ rẹ̀ ń tutù sínú àwo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n ti to lẹ́tà òjé tí wọ́n máa fi tẹ ojú ìwé kìíní tán, tí olóòtú lọ kírun, Ghanim wọ ilé ìtẹ̀wé. Ó fìka fa bíńtín yọ, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, ó fi òjé tí kò lámì dí ojú rẹ̀ kí ìlà má baà wó. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Wadha ń ka ìwé ìròyìn fún bàbá rẹ̀, ó dúró lójijì.

"Kí ló dé?"

"Bàbá, ó ṣófo níbí. Wọ́n kọ 'erékùṣù', ó wá funfun, kó tó kan 'Bahrain'." Ó mú ìka bàbá rẹ̀, ó gbé e lé àyè náà. Ìka àgbà náà pẹ́ níbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Ghanim fẹsẹ̀ rìn dé.

"Kẹ̀kẹ́ ẹ dà?" ni Thani bi í.

"Ti ilé ìwé ìròyìn ni, Bàbá. Wọ́n gbà á pẹ̀lú iṣẹ́."

"Kí lo wá máa fi bọ́ ọmọ mi?"

"Ilé ẹ̀kọ́ Hidd ń wá olùkọ́."

Thani yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Wadha, kí lo wí?"

"Mo ní kó jókòó, Bàbá. Ó ti rìn jìnnà."

"Jìnnà kẹ̀! Ṣé erékùṣù wa tóbi tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ó tóbi, Bàbá," ni Ghanim wí. "Ẹsẹ̀ mi jẹ́rìí."

Thani rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kí oṣù tó lé, wọ́n ti fi làálì ìgbéyàwó kun ọwọ́ Wadha.

Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n jọ gbé inú ilé kan náà kí Thani tó kú, ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde, ẹnìkan bèèrè pé ọmọkùnrin wo ni yóò wọ inú sàréè láti gba òkú rẹ̀, nígbà tí kò bí ọkùnrin. Wadha nu ojú rẹ̀.

"Ọmọ ẹ̀ nìyẹn," ló wí, ó nawọ́ sí ọkọ rẹ̀. Ghanim sì bọ́ síwájú.