Ojú Ìwé Tí Ó Kọ́kọ́ Bèèrè

Ìhìn náà fi ọjọ́ kan pẹ́. Lọ́jọ́rú ni Jùmọ̀kẹ́ kà á lórí fóònù rẹ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti gbà á wọlé, àti pé òun fúnra rẹ̀ ti kọ àyè náà sílẹ̀ lánàá. Ẹkún ló sun dé àgọ́ ọlọ́pàá.

"Mi ò kọ̀ ọ́, mà! Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n mú mi!"

Ìnsípẹ́kítọ̀ Adéfúnkẹ́ pe ilé-ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà kan nítòsí Ọjà Ọba ni wọ́n fi ṣe é. Bí ọlọ́pàá bá rí ẹlòmíràn tó ṣe é, àwọn yóò dá àyè náà padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn ni yóò gbà á lọ́la.

Kọ̀ǹpútà inú ṣọ́ọ̀bù Kúdírát ni, Adéfúnkẹ́ sì mú Jùmọ̀kẹ́ lọ síbẹ̀. Ìlọrin ni Kúdírát ti wá ṣòwò l'Ádó, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi.

"Wàláì, ọ̀gá, ta ló bá a kọ fọ́ọ̀mù? Èmi. Ta ló ń gbàdúrà fún un? Èmi. Ẹni tí kò jẹ gbì kì í kú gbì!"

"Ta tún mọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀?"

"Ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó jókòó síbí lánàá, kò tiẹ̀ kí mi dáadáa."

Jùmọ̀kẹ́ tẹríba. "Èmi ni mo fún un, mà. Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́, kí ni mo fẹ́ fi pamọ́ fún un?"

Wọ́n ránṣẹ́ pe àfẹ́sọ́nà náà, Ajíbádé, tíṣà kan ní Ìjan. Ọ̀kadà ló gùn dé, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, mà. Èmi ni mo wọlé sórí ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ náà. Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá wọ́n ti mú un ni. Bí mo ṣe tẹ páásíwọ́ọ̀dù tán, ojú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ àyè ló ṣí fúnra rẹ̀, ìka mi sì ṣèèṣì bà á. Ojú ló ń tì mí láti sọ."

Jùmọ̀kẹ́ mí kanlẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gbà á gbọ́. Adéfúnkẹ́ ní kí ọmọbìnrin náà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

"Wọlé bí o ṣe máa ń wọlé."

Ó wọlé. Ojú ìwé ìkíni ló jáde, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀.

"Jáde. Ní báyìí, kọ́kọ́ bèèrè ojú ìwé ìkọ̀sílẹ̀."

Ìkànnì náà dá a dúró, ó bi í pé ta ni. Bó ṣe tẹ páásíwọ́ọ̀dù, ojú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ló gbé e lọ tààrà.

Kúdírát pàtẹ́wọ́. "Háà! Tíṣà!"

"Ọlọ́kadà ni ìkànnì yìí," Adéfúnkẹ́ wí. "Bí ẹ bá ti ní Ìjan lẹ ń lọ, bó tilẹ̀ dúró bi yín lórúkọ, Ìjan náà ni yóò gbé yín dé. Bí ẹ kò bá dárúkọ ibì kankan, ẹnu ọ̀nà ni yóò já yín sí. Ẹni tó kàn fẹ́ wò ó ì bá bá ara rẹ̀ lójú ìwé ìkíni. Ẹ̀yin ti bèèrè ìkọ̀sílẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Ìka tó ṣèèṣì kì í bèèrè ọ̀nà."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ajíbádé. "Ìgbéyàwó wa ti sún mọ́lé, mà. Ẹ̀rù bà mí pé bó bá lọ, kò ní padà wá sí ulé mi mọ́."

Adéfúnkẹ́ tún pe ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó sọ ohun tó rí, ó tẹ́tí, ó sì mi orí sí Jùmọ̀kẹ́. "Wọ́n ti dá àyè rẹ padà."

Ọmọbìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Kúdírát já omi inú ọ̀rá fún un. Ó mu ún tán, ó nu ojú, ó dìde lọ bá Ajíbádé.

"Tíṣà, ilé-ẹ̀kọ́ ni mò ń lọ. Mi ò fẹ́ yín mọ́."